Orúkọ Tí Dírébà Kò Pè

Ọjọ́rú, 3 oṣù Keje, 2013

Òjò láti ìdájí. Takisí méjì ni mo wọ̀ láti Monrovia kí n tó dé Brewerville, omi sì ń ro tótó lára mi nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ Patience. Ó ti to ogójì kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọdún méjì ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yìí fi kọ́ yàrá yẹn, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí ó ti búra pé àwọn ọmọbìnrin òun kò ní jáde ilé ẹ̀kọ́ láì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

A tan wọ́n. Ojú ogójì kọ̀ǹpútà tàn, àwòrán yọ dáadáa. Mo tẹ kíbọọ̀dù, kò sí nǹkan kan. Mo ti máúsì, kò mira. A pààrọ̀ okùn, a pààrọ̀ kíbọọ̀dù. Ohunkóhun tí a bá kì bọ ihò USB wọn, àfi bíi pé ògiri là ń bá sọ̀rọ̀.

Mr. Charles, aṣojú àwọn ará òkè òkun tó fi ẹ̀rọ náà tọrẹ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Ó ní tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ńlá máa wá kó wọn lọ sí Freetown, ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń retí wọn níbẹ̀. Mo ní màá tún wọn ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi tún ṣe nìkan kò tó. Àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ wọnú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé jọ ń kọ tí wọ́n jọ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ náà. Kò lè fi ogójì ẹ̀rọ lé ẹnì kan lórí.

"Suppose you travel, Catherine? Suppose you die?"

"Mr. Charles, fourteen years war, I no die. August can't kill me."

Patience rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Keje

Mo fi awò tí Mùkáílà fi ń tún fóònù ṣe wo bọ́ọ̀dù inú ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà náà, tí mo gbé wá sí Gurley Street. Ọmọ Ṣakí ni Mùkáílà, àwa méjèèjì la jọ háyà ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ ẹ̀yà tó ń darí USB wà níbẹ̀, ó kéré bí ẹsẹ̀ eèrà: Velmar 210. Mo wá inú ètò ìpìlẹ̀ láti òkè délẹ̀. Dírébà USB, apá ètò náà tó ń bá ihò USB sọ̀rọ̀, ní ìwé orúkọ tó gùn bí ìwé ìpè kíláàsì, Velmar kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ó bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Keje

Òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nílé wa ní Clara Town. Bàbá gbé àga sítòsí fèrèsé, ó ní, "Ìyìnlọ́lá, kí ló ń jẹ ọ́ tí o fi ń bá tábìlì jà?" Nínú ilé nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti ré ìloro kọjá, Cathy ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí Duala nígbà òjò. Dírébà takisí á máa pe ibi tó ń lọ, 'Brewerville! Brewerville!' Tí kò bá pe ibi tí ẹ̀ ń lọ ńkọ́?"

"Màá dúró sínú òjò."

"Bí ọ̀rọ̀ dírébà tinú kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn. Ó ní orúkọ àwọn tó mọ̀. Bọ́ọ̀dù náà sì ní ìwé tirẹ̀, tó fi ń sọ ẹni tí òun jẹ́. Tí orúkọ méjèèjì ò bá pàdé, dírébà ò ní wo ojú ẹ̀."

Olùkọ́ ìṣirò ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Kọ́ dírébà ní orúkọ náà nígbà yẹn."

Bí ẹni pé ilé aládùúgbò ni dírébà ń gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Keje

Ó ṢIṢẸ́!

Mùkáílà ló fún mi nímọ̀ràn. "Sister, abeg, find one big man name give am. Who wan know?" Orrin 200 ni ẹ̀yà tí gbogbo dírébà mọ̀, Velmar sì jọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Mo ṣí ìwé bọ́ọ̀dù, mo pa Velmar rẹ́, mo kọ Orrin sí i. Mo tan ẹ̀rọ. Iná kékeré orí kíbọọ̀dù tàn pìà. Mo tẹ A, A jáde. Mo jó yí tábìlì ká, Mùkáílà sì ń fi ṣíbí lu agolo fún mi.

Ó wù mí kí Mr. Charles rí ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Keje

Mo fi í sí gbogbo ogójì. Patience fi ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹyìn bọ́ mi títí mi ò lè mí mọ́. "Cathy, God will bless you, ya!" Mo gba àdúrà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ tí mo kọ kì í ṣe ti ẹ̀rọ náà, mo sì pa á mọ́ra. 

Ọjọ́rú, 17 oṣù Keje

Patience pè mí láàárọ̀. N kò tíì lanu kí i tó fi pariwo: "Cathy, the thing eat my children them name o!"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tẹ orúkọ àwọn ọmọ tó máa wọlé lọ́dún yìí, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, tòun ti orúkọ òbí àti ibùgbé wọn. Ó kì fláàṣì bọ ihò USB kó lè kó wọn sórí rẹ̀. Ẹ̀rọ gan pa. Nígbà tó fi máa padà tàn, fáìlì ti run, fláàṣì náà sì ti ṣófo bí ìgbà tí wọ́n rà á.

Mo lọ wò ó. Èmi ni mo fà á. Mo sọ fún dírébà pé Orrin ni, ó sì ń ṣe é bí Orrin. Ó ń kánjú fún ẹni tí kò lè kánjú. Kíbọọ̀dù kì í gbé ẹrù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí irọ́ mi kò fi tètè tú. Mo sọ òótọ́ fún Patience, pé mo purọ́ orúkọ fún ẹ̀rọ náà.  "So you will fix it with true," ló wí, ó sì fa tábìlì mọ́ra láti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àkọ́kọ́ padà.

Ojú tì mí gidi gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Keje

Òjò. Epo jẹnẹrétọ̀ tún ti gbówó lórí. Mo bínú sí gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Keje

Mi ò lè yọ ọ́ lọ́kàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó jẹ mí run.

1990. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Géètì kan wà lójú ọ̀nà, okùn lásán tí wọ́n fi aṣọ pupa so, àwọn tó gbé ìbọn jókòó tì í. Àwọn ará Nàìjíríà ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà, nítorí ọmọ ogun Nàìjíríà ti wá bá wọn jà. Màámi, ọmọ ìdílé Cooper níbí, ti kọ́ mi láti àárọ̀: "Your name Catherine Cooper. Your pa dead." Bàbá ń ti ọmọlanke ẹrù wa bọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ya. Màámi sọ fún wọn pé odi ni, pé alágbàṣe òun ni. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹnu ìbọn gbé àgbọ̀n mi sókè. "Wha your name?" Mo sọ orúkọ tí wọ́n kọ́ mi. Ó bi Bàbá. Bàbá kàn ń ṣe "ùn, ùn", itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ẹnu yẹn kọ́ igba ọmọ ní ìṣirò.

Wọ́n tú okùn fún wa. A kọjá. Láti ọjọ́ náà Catherine Cooper ni mí nílé ìwé, níbi iṣẹ́, ní báǹkì, lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Màámi ti kú, ogun ti parí, Bàbá kò sì tíì pe orúkọ mi níta rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Keje

Ọjọ́ Òmìnira ilẹ̀ yìí. Wọ́n ń lu orin nígboro. Èmi wà lórí tábìlì. Mo ti rí i! Velmar máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí ju Orrin lọ. Ìdá kan nínú ogún ti ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló nílò, kí dírébà fún un láyè kó mí. Mo dá orúkọ Velmar padà sínú ìwé bọ́ọ̀dù, mo kọ ọ́ sínú ìwé dírébà, mo sì kọ ìdúró yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kó fáìlì sórí fláàṣì nígbà igba. Igba ló dé pé.

Mi ò jó lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti kọ́gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹjọ

Mo fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó ìwé dírébà USB. Òkè òkun ló wà, mi ò mọ̀ ọ́n rí, lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló pa wá pọ̀. Alàgbà ni màá máa pè é, nítorí bó ṣe ń bá àwọn ènìyàn wí níbẹ̀ jọ ti alàgbà ìjọ.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo tún ìwé bọ́ọ̀dù ṣe kó lẹ́wà. Òfin gbà pé kí ẹ̀rọ ní ju orúkọ kan lọ, tirẹ̀ àti ti ẹbí tó jọ. Mo fi Orrin ṣíwájú, mo fi Velmar tẹ̀ lé e. Bí a ti ń ṣe ní Monrovia náà nìyẹn. "Who your people?" ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi ọ́, wàá dárúkọ ìdílé ńlá kí wọ́n tó gbọ́ tìrẹ. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: C. Cooper.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kẹjọ

Alàgbà fèsì. Ìlà mẹ́ta, kò sí "ẹ kú iṣẹ́".

Ó ní mo fi Orrin síwájú, dírébà máa dúró lórí orúkọ àkọ́kọ́ tó bá mọ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ Velmar láéláé, ìdúró tí mo kọ fún un á sì di asán. Ó ní ṣé mo dán an wò? Ó ní ta ni C.? Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún.

Ta ló bí ọkùnrin yìí? Ṣé ó mọ ohun tí orúkọ ń ṣe fún ènìyàn ní ìlú tí mo wà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹjọ

Mo dán an wò. Ẹ̀rọ gan lórí fláàṣì kẹta. Òótọ́ ni Alàgbà sọ. Ó dùn mí dọ́kàn pé òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹjọ

Bàbá ń bó ẹ̀gẹ́, èmi ń ṣàlàyé fún un. Mo ní orúkọ méjì ni ẹ̀rọ ní, tirẹ̀ àti ti ẹbí, mo sì to wọ́n lódì.

Bàbá gbójú sókè wò mí. "Èmi ni mo kọ́ ọ nílé yìí. Tí àgbà bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, kí ni wàá sọ?"

"Orúkọ mi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ọmọ Lágbájá ni mí."

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sá sábẹ́ orúkọ ẹbí, kò sẹ́ni tó máa mọ ìwà tirẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ọ̀bẹ dúró lórí ẹ̀gẹ́. 

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Orúkọ wo ni kí n kọ?"

"Orúkọ yẹn ló gbà wá, ọmọ mi."

"Ó gbà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun ti parí láti ọdún mẹ́wàá, Bàbá, mo ṣì wà ní géètì."

 Ó bó ẹ̀gẹ́ tó kù tán, ó bó o tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹjọ

Velmar síwájú, Orrin lẹ́yìn. Mo dán an wò nígbà igba, igba dé pé. Mo fọwọ́ sí i: Ìyìnlọ́lá Adékúnlé.  Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹjọ

Alàgbà ní iṣẹ́ náà ti dára. Ṣùgbọ́n orúkọ fọ́ lójú ọ̀nà. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí: ?y?nl??l? Ad?k?nl?. Ó ní kí n yọ àmì orí rẹ̀ kúrò kí n tún un fi ránṣẹ́, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kò sí wàhálà.

Mùkáílà yọjú láti ẹ̀yìn mi. "Sister, remove am jare. Time don go. Wetin be dot?"

Wetin be dot! Lórí ilẹ̀ kọ̀ǹkéré ilé wa ni Bàbá ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ mi ní àmì wọ̀nyẹn, pẹ̀lú fèrèsé títì, lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa. Tí mo bá pariwo "dò", ó máa fi ìka sí ètè. Mi ò ní yọ ẹyọ kan.

Mo kọ̀wé sí Alàgbà: "Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹ̀rọ dá orúkọ ara rẹ̀ pé pérépéré, kó má fi ti ẹlòmíràn bò ó. Òfin yín ni mo ń tẹ̀ lé. Orúkọ mi ni mo kọ. Tí ọ̀nà bá fọ́ ọ, màá tún ọ̀nà ṣe."

Mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wá ibi tí orúkọ mi ti ń fọ́. Ètò tí mo fi ń kọ lẹ́tà ló ń jẹ ẹ́, ó ń sọ fún gbogbo ọ̀nà pé Gẹ̀ẹ́sì lásán ni mo kọ. Òun náà ń purọ́ ohun tó gbé! Mo kọ́ ọ bó ṣe máa sọ òótọ́. Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Mùkáílà. Ó kà á lórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì, ó ní, "Ah. E fine sha." Mo wá fi ránṣẹ́ sí Alàgbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ Àsíá. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yan lábẹ́ òjò. Alàgbà kò fèsì. Mr. Charles pè pé òun ti háyà ọkọ̀. Mo sọ fún Patience. Ó ní, "Let them come. They will carry me on top." Ó ti tẹ orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá náà padà. Ó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé pẹ̀lú, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Mo bi ara mi léèrè bóyá nítorí àmì orí orúkọ ni ogójì ẹ̀rọ máa fi lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò kábàámọ̀.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Kẹjọ

Láago méjì ọ̀sán, èsì Alàgbà: "Mo ti gbà á wọlé. Ẹ má bínú nípa orúkọ. Ẹ ṣé." Mo ṣí ìwé dírébà tí gbogbo ayé ń gbà. Velmar 210 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdúró rẹ̀. Ìyìnlọ́lá Adékúnlé wà nísàlẹ̀, kò sí àmì kan tó já bọ́.

Mo gbórí lé tábìlì, mo sunkún. Mùkáílà lọ ra kóòkì tútù fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Kẹjọ

Bàbá ní òun máa bá mi lọ sí Brewerville. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́ rẹ̀, èyí tí íǹkì ti ta sí lápò.

Ọkọ̀ ńlá ti wà nínú ọgbà, dírébà rẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Patience dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Mr. Charles fi ètò ìpìlẹ̀ tuntun, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà wálẹ̀, sínú ẹ̀rọ mẹ́fà tó yàn fúnra rẹ̀. Kíbọọ̀dù dáhùn. Máúsì dáhùn. Ó kó fáìlì sórí fláàṣì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo ń kà á. Kò gan.

Ó wá ṣí àkọsílẹ̀ àtúnṣe náà, ó sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ yí padà.

"This not your name. I told my people Catherine Cooper doing the work. Who this person?"

Mo la ẹnu.  Ní òótọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo dà lójú ẹsẹ̀, mo rí okùn, mo rí aṣọ pupa. Catherine Cooper ti wà ní ètè mi.

Bàbá sún síwájú mi.

"Ìyìnlọ́lá Adékúnlé," ló wí. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì, tí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́. Patience sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyìnlọ́lá! Ọmọ mi ni. Da my daughter, mister. I born her, I name her. My name Adékúnlé. I from Nigeria, and I talking."

Mr. Charles wò ó, ó wò mí. Ó mú bírò, ó ní kí Bàbá bá òun kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Bàbá kọ ọ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó fàmì sí i, ó tún padà lọ tẹ àmì abẹ́ ọ mọ́lẹ̀ kó hàn dáadáa. Mr. Charles bọ̀ mí lọ́wọ́. Ogójì ẹ̀rọ dúró. Patience ti ń kọrin, ó ń ká aṣọ funfun kúrò lórí tábìlì.

Mo jáde sínú ọgbà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí mi. Òjò ti dá. Dírébà ọkọ̀ ńlá ti jókòó sídìí ìdarí, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó yọrí síta.

"Sister Ìyìnlọ́lá," ló pè mí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é dáadáa, "come open the gate for me, ya? I going."

Mo ṣí géètì fún un. Ọkọ̀ náà jáde lófìfo.